Ààyè Mẹ́jọ fún Orúkọ

Òórùn ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí: sípíríìtì, ọṣẹ ìfọwọ́, àti eruku tó ń gbóná lẹ́yìn mọ́níítọ̀ ńlá kan tó yọ sẹ́yìn bí ikùn aboyún. Lábù àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìsọlọ, kò jìnnà sí ibi tí èèyàn ti ń yà sí Àgọ́ Palace. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni. Ìmọ̀ àkọsílẹ̀ àti ilé ìkàwé ni mo kà, mo sì gbà pé kò sí àkọsílẹ̀ kan láyé yìí tí ọwọ́ mi ò lè tò gún. Wọ́n fi mí ṣe alákòóso àkọsílẹ̀. Obìnrin àgbàlagbà kan ló wà lórí iṣẹ́ náà ṣáájú mi, ará ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Ọjọ́ tí mo dé ni wọ́n gbé e kúrò níwájú kọ̀ǹpútà lọ sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gba àlejò. Ẹnikẹ́ni ò bi í bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí torí pé òun ni àìdáa àkọ́kọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Èmi kọ́ ni mo ṣe é, ṣùgbọ́n èmi ni mo jókòó sórí àga rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tí a ń lò dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá gba àyẹ̀wò lọ. DOS ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá bá DOS láyé: ojú dúdú ni, lẹ́tà funfun, kò sí àwòrán, kò sí máòsì, ohunkóhun tí o bá fẹ́ kó ṣe, o máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́rọ̀ ni. Ọ̀rẹ́ ọ̀gá wa kan, tó ti di olóògbé, ló kọ ètò tí a fi ń tọ́jú èsì sínú rẹ̀. O tẹ orúkọ èèyàn, ètò náà á gbé irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti jẹnotáìpù rẹ̀ jáde, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á tẹ̀ ẹ́ sórí fọ́ọ̀mù, ìwọ á wá fi báírò kọ orúkọ ẹni náà sókè ní kíkún. Torí ìgbéyàwó ni ọ̀pọ̀ àwọn oníbàárà wa ṣe ń wá. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò wa kì í so ọkùnrin àti obìnrin pọ̀ láìrí ìwé jẹnotáìpù, kí AS má baà fẹ́ AS, kí wọ́n má baà bí ọmọ tí fòníkúfọ̀ladìde á máa fi jẹ̀rora. Ìwé pélébé yẹn ló ń sọ ẹni tó máa fẹ́ra àti ẹni tí kò ní fẹ́ra. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú lábù yẹn. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbínú náà ti rẹ̀ mí.

Kọ̀ǹpútà àgbà náà kú lọ́jọ́ Ajé kan, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sì bá a lọ. Mo kọ̀wé sí ọ̀gá, ojú ìwé méjì gbáko, pé àsìkò ti tó láti ra ètò tuntun. Ọ̀gá ra kọ̀ǹpútà tuntun, ó gbé e síwájú mi, ó ní kí n fi ètò olóògbé sínú rẹ̀. Kò mẹ́nu ba ìwé mi rárá. Mo tún kọ òmíràn. Ó pè mí, ó ní, "Kí ni ètò yẹn ṣe ẹ́? Ṣé ó ti parọ́ mọ́ ẹ rí ni?"

Ẹ̀dà ètò náà wà lórí díìsì pẹlẹbẹ àtijọ́ kan tí ọ̀gá fi pamọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tuntun ò ní ẹnu tó lè gbé e mì. A ránṣẹ́ sí ẹnjiníà kọ̀ǹpútà kan ní Àpákun, ọkùnrin kan tó máa ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aya rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó wá ọ̀nà da ètò náà sínú fíláàṣì, ó fi DOS sínú fíláàṣì kan náà, ó mú kí kọ̀ǹpútà tuntun jí sínú DOS. Ètò náà ṣí, ó sì kú lójú ẹsẹ̀.

"Ó ti yára jù," ẹnjiníà wí.

"Kí ló yára jù?"

"Kọ̀ǹpútà yín ni. Tí ètò yìí bá ti jí, ó kọ́kọ́ máa ń wọn bí ẹ̀rọ ṣe yára tó. Ẹ̀rọ ayé ijọ́un ló mọ̀. Eléyìí ti sáré kọjá kó tó ṣí ẹnu láti kà, ìṣirò ẹ̀ wá dàrú." Ó gbá kọ̀ǹpútà náà lẹ́yìn pẹ́pẹ́. "Rọra o, jàre. Àgbàlagbà la ní kóo bá ṣiṣẹ́."

Ọjọ́ méjì ló fi wá ọgbọ́n dá sí i kí ètò náà tó ṣí tí kò kú mọ́. Kọ̀ǹpútà tuntun ò ní ojú ihò tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa ń lò, ó wá káàdì kan kì bọ̀ ọ́ nínú. Nígbà tí ojú dúdú yẹn wá tàn sórí mọ́níítọ̀ tuntun tó tẹ́ pẹrẹsẹ, mo pàtẹ́wọ́. Èmi tí mo kọ̀wé méjì pé a ò gbọ́dọ̀ lò ó, mo dìde dúró, mo pàtẹ́wọ́. Ohun tó máa ń gba ìṣẹ́jú kan lórí ẹ̀rọ àtijọ́ ń ṣẹlẹ̀ kó tó di pé mo gbé ìka kúrò lórí kíbọọ̀dù. Mo rò pé ìyára ni ọ̀làjú.

Ohun tó kàn ni kí n tún gbogbo èsì àtẹ̀yìnwá tẹ̀ sínú rẹ̀. Wọ́n wà nínú àwọn ìwé ńlá tí wọ́n fọwọ́ kọ, ìwé mẹ́rìndínlógún, mo sì fi oṣù méjì tẹ̀ wọ́n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ni Màmá ti fi báírò pupa kọ nǹkan kan tó dà bí ọfọ̀.

"Màmá, kí ni FUNKEAGO?"

"Fúnkẹ́ tó ń gbé Àgọ́."

"Ó jọ orúkọ oògùn ibà. SEUNEJIG ńkọ́?"

"Ṣeun, Èjìgbò." Kò rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yunifásítì, tóo bá ń tẹ̀ ẹ́, má kọ Olúwa sínú nǹkan yẹn o. Mo ti sọ fún ẹ." Ó padà sídìí tábìlì rẹ̀.

Gbólóhùn kan ṣoṣo tó sọ nìyẹn, kò sì sọ ìdí rẹ̀. Èmi náà ò bi í. Ilé onígbàgbọ́ ní Èkìtì ni wọ́n ti bí mi. Orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Olúwa ni èmi àti gbogbo àbúrò mi ń jẹ́. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń ba Màmá, pé kò fẹ́ kí orúkọ Ọlọ́run wà nínú ẹ̀rọ tó ń ka àrùn. Mo sọ fún ọ̀gá, a jọ fi í rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Mo wá tẹ gbogbo Olúwa ní kíkún, mi ò yọ lẹ́tà kan sílẹ̀. Mo rí i pé lẹ́tà mẹ́jọ péré ni ojú kọ̀ǹpútà ń gbé jáde, ṣùgbọ́n mo rò pé ojú lásán ló ké e, pé ìyókù wà nínú lọ́hùn-ún bí aṣọ tí èèyàn ká sínú àpótí. Nígbà tí mo tẹ̀ wọ́n tán, ọ̀gá ní kí wọ́n kó àwọn ìwé náà dànù, kí fíríìjì tuntun lè ráyè. Èmi ni mo bọwọ́ lùwé pé kí wọ́n máa kó wọn lọ. Mi ò ní fi ìyẹn pamọ́.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni obìnrin kan wọlé, tíṣà ni ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lọ́nà Àìlégùn, ọmọ Èkìtì bíi tèmi. Ọ̀dọ̀ wa ló ti ṣe àyẹ̀wò nígbà kan rí, ṣùgbọ́n òjò ti wọ yàrá rẹ̀, ìwé èsì rẹ̀ sì ti jẹrà. Ó fẹ́ gba ẹ̀dà tuntun. Ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń retí ìwé náà kí wọ́n tó ka ìkéde ìgbéyàwó rẹ̀, wọn kì í sì í gba ìwé lọ́wọ́ ìyàwó tàbí ọkọ. Lábù ló gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ nínú àpò ìwé tí a lẹ̀ pa. Mo tẹ Olúwafúnmiláyọ̀. Kí n tó mí, èsì ti jáde. Mo yí mọ́níítọ̀ sí i kó wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, AS kọ́. AA ni mí."

"Ohun tó wà níbí nìyẹn, àǹtí."

"Mo mọ̀ pé AA ni mí. Ẹ̀yin náà lẹ ṣe é. AS ni ọkọ àfẹ́sọ́nà mi, ṣé mi ò ní mọ̀ ni?"

"Bóyá ẹ gbàgbé."

"Ah-ah! Èèyàn máa ń gbàgbé jẹnotáìpù ẹ̀ ni?"

Àwọn tó ń dúró bẹ̀rẹ̀ sí wò wá. Ọ̀kan nínú wọn sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé báyìí ni àwọn tí èsì ò bá tẹ́ lọ́rùn ṣe máa ń ṣe. Mo sọ fún tíṣà náà, mo sì rántí bí mo ṣe fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, pé, "Àǹtí, kọ̀ǹpútà ò mọ̀ yín rí. Kí ló fẹ́ rí gbà nínú pípa irọ́ mọ́ yín?" Ó ní kí n dúró, kí n kọ́kọ́ tún ẹ̀jẹ̀ òun yẹ̀ wò. Mi ò dúró. Mo ní ẹ̀dà ló tọrọ, ẹ̀dà ni ìlànà sọ pé kí n fún un. Mo fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi tó dára kọ orúkọ rẹ̀ sókè, mo lẹ àpò ìwé náà pa, mo fi ránṣẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó padà wá. Ó ti rù. Wọn ò ka ìkéde rẹ̀. Ó ti lọ ṣe àyẹ̀wò ní lábù mìíràn, AA ni wọ́n kọ fún un, ṣùgbọ́n kọmití ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì ní ìwé méjì tó ń ta ko ara wọn ti wà níwájú àwọn, àwọn ò sì lè mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ àyàfi tí lábù àkọ́kọ́ bá fẹnu ara wọn sọ pé àwọn ṣì í. Kò pariwo. Ó to ẹ̀dà ìwé méjèèjì sórí tábìlì Màmá, ó ní, "Mọ̀mí, ẹ bá mi wò ó. Ẹ̀gbọ́n yìí ò gbọ́ tèmi."

Màmá dìde. Ó wá dúró lẹ́yìn àga mi, àga tó ti jókòó sí rí, ó wo ojú kọ̀ǹpútà.

"Kí lo kọ yẹn?"

"Orúkọ wọn, mà."

"Àbí mi ò ní kóo má kọ Olúwa síbẹ̀?"

"Mo rò pé..."

"Kà á." Ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú mi. "O. L. U. W. A. Ìka mélòó nìyẹn? Márùn-ún. Ààyè mẹ́jọ ló ní, Olúwa ti gba márùn-ún. Mẹ́ta ló kù fún ọmọ. Fúnkẹ́, Fúnmikẹ́, Fúnmiláyọ̀, F-U-N ni gbogbo wọn. Tẹ Fúnkẹ́."

Mo tẹ Olúwafúnkẹ́. AS. Mo tẹ Olúwafúnmikẹ́. AS, ẹ̀jẹ̀ kan náà, ọjọ́ kan náà. Gbogbo obìnrin tí Olúwa fún àwọn òbí wọn ti di ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo, ẹni tí mo tẹ̀ kẹ́yìn nínú wọn, ẹni tí mi ò sì lè mọ̀ mọ́.

"Ṣùgbọ́n ó máa ń béèrè," Màmá wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Tí orúkọ bá ti wà tẹ́lẹ̀, ó máa ń súfèé, á ní ṣé kí òun fi tuntun rọ́pò ẹ̀. Ṣé o ò rí i ni?"

Mo búra pé mi ò rí i. Kò sì rí i lójú mi pé mò ń parọ́, ó ní kí a pe ẹnjiníà. Ó dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ní kí n tẹ orúkọ kan lẹ́ẹ̀mejì, kò sí nǹkan kan tó hàn. Ó wá fi fóònù rẹ̀ ya ojú mọ́níítọ̀ ní fídíò, ó fà á kó máa lọ díẹ̀díẹ̀, ó dá a dúró. Ó wà níbẹ̀. Ìbéèrè náà wà níbẹ̀, ìlà kan gbọọrọ: orúkọ yìí ti wà, ṣé kí n fi tuntun rọ́pò rẹ̀? Olóògbé ti ṣètò rẹ̀ pé kí ìbéèrè náà dúró títí kọ̀ǹpútà á fi kà dé iye kan. Tí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kan nǹkan títí á fi kà tán, "bẹ́ẹ̀ ni" ni ètò náà á kà á sí. Lórí ẹ̀rọ àtijọ́, èèyàn á ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tuntun yìí kà á tán kí ojú tó ṣẹ́. Súfèé náà ò sì dún, torí kọ̀ǹpútà tuntun ò ní ohun tó fi ń súfèé nínú.

Mo ti pín ẹ̀bi náà lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà yẹn. Olóògbé ní kí dídákẹ́ jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni". Ọ̀gá fi ètò àgbàlagbà sórí ẹ̀rọ tó ń sáré ju ojú èèyàn lọ, ó kó ìwé dànù. Ẹnjiníà tún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣe, kò wo ìyókù. Màmá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò túmọ̀ rẹ̀, torí inú ń bí i, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, tí mo rí lẹ́tà mẹ́jọ, tí mi ò béèrè. Bí mo bá pín in báyìí tán, ìpín tèmi ló máa ń tóbi jù.

A tún ẹ̀jẹ̀ tíṣà náà yẹ̀ wò. AA. Ọ̀gá ní ká kọ ọ́ pé àyẹ̀wò tuntun fi hàn bẹ́ẹ̀, kí a má sọ ọ̀rọ̀ àṣìṣe rárá, torí orúkọ lábù. Mo ní kọmití ní kí a fẹnu sọ ọ́. Ó ní tí mo bá fẹnu sọ ọ́, kí n má padà wá. Mo lọ. Ẹ má pè mí ní akíkanjú. Mo fẹ́ kí ayé gbọ́ èyí tó jẹ́ tèmi àti èyí tí kì í ṣe tèmi nínú ọ̀rọ̀ náà ni. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, níwájú kọmití, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí DOS, mo ṣàlàyé bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kà, mo ṣàlàyé súfèé, mo dé orí lẹ́tà mẹ́jọ. Alága wọn, bàbá àgbàlagbà kan, bọ́ gíláàsì rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, AA ni àbí AS?"

"AA ni, sà."

"Ta ló ṣì í?"

"Èmi ni, sà."

"Ó ti tó. Ẹ jókòó."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ìkéde máa lọ. Tíṣà náà sìn mí dé ẹnu géètì. Mo rò pé á máa yọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Ẹ ti ṣe tiyín."

"Inú yín ò dùn, àǹtí."

"Ọjọ́ tí ìwé yín dé ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ àfẹ́sọ́nà mi pè mí lórí fóònù. Mo rò pé ó fẹ́ bi mí léèrè ni. Ó ní, 'O mọ̀, o sì fi pamọ́ fún mi.' Ọdún mẹ́ta rèé tí a ti jọ ń bọ̀. Kò tiẹ̀ ní, ṣé òótọ́ ni. Ó ní mo mọ̀." Ó gbá eruku kúrò lára síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí eruku níbẹ̀. "Ó ti wá bẹ̀ mí láàárọ̀ yìí. Ó ní ìwé ló ṣi òun lọ́nà. Mo ti gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún àlùfáà kí wọ́n má ka ìkéde kankan."

Mi ò padà sí lábù. Màmá padà sórí àga rẹ̀, òun ló sì fi ìbínú jẹ́ kí ọ̀gá gbà pé kí wọ́n pe gbogbo ẹni tó ti gba ẹ̀dà lọ́wọ́ mi padà wá ṣe àyẹ̀wò tuntun lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní wọ́n rí àwọn tó pọ̀ jù lọ.

Ìyàwó mi máa ń sọ pé àṣìṣe mi yọ obìnrin yẹn nínú ewu, pé ó yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò gbà á rí. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti mọ ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ní àsìkò tirẹ̀, bó ṣe wù ú, tàbí kó má mọ̀ ọ́n rárá kí wọ́n jọ dàgbà. Èmi kọ́ ló yẹ kí n fi ìwé tí mo ṣì tẹ̀ dán an wò fún un. Ilé ìwòsàn mìíràn ni mo ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ báyìí, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń gba orúkọ bó ti wù kó gùn tó. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ ni ẹnìkan máa ń wá sọ fún mi pé ohun tó wà nínú ìwé kì í ṣe òun. Mo máa ń fa àga fún wọn. Mo máa ń ní kí wọ́n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má kánjú, èmi á sì gbé ọwọ́ mi kúrò lórí kíbọọ̀dù títí wọ́n á fi sọ tán. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìwé ló máa ń jàre, àwọn ni wọ́n gbàgbé, ọjọ́ á sì ti lọ, ẹ̀yìn á ti máa ro mí. Lọ́jọ́ kejì, bí ẹlòmíràn bá tún wọlé, màá tún fa àga.